Ó Ní Ẹ̀rọ Náà Tẹ́ Gbogbo Wọn Lọ́rùn

Kò sẹ́ni tó fi tipátipá gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ lé obìnrin yìí lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ ẹ dénú.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo abúlé sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà pàápàá máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí ìkòkò ọbẹ̀, ebi ti fẹ́ lù mí pa." Obìnrin náà á bú sẹ́rìn-ín, á ní kó fi òun sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á máa dùn. Ẹni tí wọn kò fi ṣe olórí ohunkóhun rí láyé, tí wọ́n wá fi ṣe olórí lójijì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí lára rẹ̀.

Ilé ẹ̀rọ náà, gbogbo abúlé ló ni ín. Iléeṣẹ́ kan láti ìlú ńlá ló gbé e wá, pé kí àwọn obìnrin tó ń gbin àgbàdo lè máa lọ̀ ọ́ nítòsí. Kí ó tó dé, odó ni wọ́n fi ń gún un. Kò sí obìnrin tí èjìká kì í dùn láàárín wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ náà kò wúlò, irọ́ ló pa.

Ṣùgbọ́n nǹkan lè wúlò kó tún lábùkù. Yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi páànù bò ni. Ẹ́ńjìnnì wà lápá kan, ọlọ wà lápá kejì, bẹ́líìtì gígùn kan ló so wọ́n pọ̀. Éfín kò rí ibi gbà jáde, inú yàrá ló ń yí sí. Àgbàdo ẹni tó lọ̀ ṣáájú á kù sẹ́nu ọlọ, á dà pọ̀ mọ́ ti ẹni tó kàn, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ìlà a máa gùn dé títì.

Àwọn obìnrin á kùn lójú ọ̀nà, wọ́n á kùn nídìí kànga, wọn kò ní kùn síta. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí iléeṣẹ́ má lọ pè wọ́n ní aláìmoore.

Lọ́jọ́ kan, bẹ́líìtì já. Bàbá Gíríìsì, bàbá arúgbó tó ń tan ẹ̀rọ, tú ìbòrí irin tó wà lórí rẹ̀ kó lè fi tuntun sí i. Ìbòrí náà ti dógùn-ún tipẹ́. Bó ṣe gbé e báyìí ló là sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá náà ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká pe wẹ́dà kó bá wa jó o pọ̀. Irú bẹ́líìtì yìí, a kì í fi í sílẹ̀ níhòòhò. Kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí àgbàdo."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní kò burú, ẹ jẹ́ kí òun sọ fún Alábòójútó ná. Òfin iléeṣẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìjẹ́ pé Alábòójútó gbọ́ sí i.

Ọkùnrin yìí ló ń bójú tó gbogbo ilé ẹ̀rọ agbègbè náà. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá, ó jókòó ní pálọ̀ obìnrin náà, ó mu omi tán, ó wá rọra gbé ife sílẹ̀.

"Ìyá mi, bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ ọ́. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́. Wọ́n fẹ́ bi àwọn tó ń lo ẹ̀rọ bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Abúlé tó bá tẹ́ lọ́rùn jù lọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé ẹ̀rọ tó ń mú àgbàdo gbẹ lákòókò òjò lọ."

"Áà! Èyí tó ń mú un gbẹ?"

"Òun gan-an. Ẹni tó bá sì jẹ́ olórí níbẹ̀, òun ni wọ́n máa fi ṣe alága gbogbo ilé ẹ̀rọ agbègbè yìí. Wọ́n á mú un lọ sí ìlú ńlá lọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì."

"Èmi náà? Èmi tí mi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà, Ìyá. Àmọ́ bí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan kan fọ́, tí obìnrin kan bá lọ la ẹnu rẹ̀ sọ kàtàkàtà, wọ́n lè gbé èyí tó wà nílẹ̀ gan-an lọ. Ẹ ṣáà mọ iye abúlé tó ń tọrọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, kí wọ́n lọ, ká tó pe wẹ́dà. Kò sí àpò ni? Ẹ fi àpò bò ó."

Ó dìde, ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì bínú sí obìnrin yìí. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ìdánwò ṣe máa ń wọlé. Kì í sọ pé òun wá bà ọ́ jẹ́. Obìnrin náà dúró níwájú dígí, ó gbé ọrùn sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, ó ń pe ara rẹ̀ ní Alága lábẹ́lẹ̀. Ó ní, àbí nítorí abúlé kọ́? Ṣebí gbogbo wa la máa jọ jẹ àǹfààní rẹ̀?

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Àbúrò rẹ̀ ni.

Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò yìí ṣì ń rá. Ẹ̀yìn Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣe ibùsùn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jẹun, òun ló mú un lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Aránṣọ náà ni abúlé ń pè é báyìí. Ó ní ọkọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì ń gbin àgbàdo bíi gbogbo ayé. Ẹnu rẹ̀ kò ní ìdènà. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ tó ń wọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ẹ̀wù tuntun tí yóò fi pàdé àwọn àlejò ló sọ ọ́.

"Àǹtí mi, tí àwọn èèyàn yẹn bá dé, mo máa sọ̀rọ̀ o. Mo máa sọ ti ìbòrí, mo máa sọ ti éfín."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ṣebí wọ́n ń bọ̀ wá bi wá ni? Àbí irọ́ ni wọ́n ń wọkọ̀ bọ̀ wá gbọ́? Ẹ gbé apá yín sókè dáadáa."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gbé apá sókè. Inú rẹ̀ ló ti ń wá ọ̀nà.

Nígbà tí ọjọ́ àwọn àlejò ku ọ̀la, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó fajú ro. Ó ní ẹnì kan jíṣẹ́ fún òun pé ara àbúrò bàbá wọn obìnrin kò yá, pé orúkọ Aránṣọ ni ìyá náà ń pè ṣáá. Òun ì bá lọ, àmọ́ àlejò ń bọ̀.

Aránṣọ da aṣọ oníbàárà sílẹ̀. Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí mi. Èmi á lọ." Ilẹ̀ mọ́ báyìí, ó ti wà nínú ọkọ̀.

Kò sí ẹni tó jíṣẹ́ kankan. Ara ìyá tó wà lọ́hùn-ún le kokooko.

Àwọn àlejò dé. Obìnrin kan ni ọ̀gá wọn, ojú rẹ̀ tutù, ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ dání. Àwọn obìnrin abúlé jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nínú ilé ẹ̀rọ, wọ́n ti to àpò àgbàdo lérí ara wọn níwájú bẹ́líìtì, ó ga bí ògiri.

"Kí ló wà lẹ́yìn àpò wọ̀nyí?" Ọ̀gá náà ló bèèrè.

"Àpò míì ni, mà," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dáhùn. "Ìkórè ọdún yìí ya àwa fúnra wa lẹ́nu."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Gíríìsì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá náà ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ̀rọ yìí tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ìyá àgbàlagbà kan wúkọ́. "Ó dára o, ọmọ mi. Ó dára, àmọ́..."

"Ó dára, mà!" Ìyá Kọ́kọ́rọ́ já a gbà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ má bínú. Ó tẹ́ wa lọ́rùn, ó tẹ́ wa nínú, ó tẹ́ wa lẹ́yìn. Kò lábùkù kankan."

"Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí?"

"Èṣe kẹ̀? Ọmọ jòjòló lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó jí ire."

"Ṣé gbogbo àwọn tó ń lò ó ló wà níbí, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ṣọ̀kan?"

"Gbogbo wa pé, mà. Kò sẹ́ni tó kù."

Ìyá àgbàlagbà náà gbọ́ràn dáadáa. Ó wo Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ó sì wo ilẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Aránṣọ padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ara wọn le ju tèmi lọ! Wọ́n ní àwọn kò ránṣẹ́ sẹ́nì kankan. Ẹ̀yin náà ni wọ́n kó ẹyin wọ̀nyí fún."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ gba ẹyin. "Ẹni tó jíṣẹ́ náà á ti ṣì í gbọ́ ni."

"Ọlọ́run ṣeun tó jẹ́ pé ó ṣì í gbọ́," àbúrò rẹ̀ wí.

Bàbá Gíríìsì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. "Àlejò ti lọ. Wẹ́dà ńkọ́?"

Obìnrin náà tọ Alábòójútó lọ. Ọkùnrin náà gbọn orí. "Ìyá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò lábùkù. Wọn kò tíì gbé tuntun dé, ẹ ti fẹ́ máa jó irin? Wọ́n á ní irọ́ la pa. Ẹ ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání lójú rẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ ti di olówó orí rẹ̀, òun ló ń pàṣẹ fún un báyìí. Àwọn obìnrin wá kó àpò wọn lọ, nítorí àgbàdo wọn ni. Bẹ́líìtì wà níhòòhò, ó ń sá yíyí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ojú sì mọ́ ọn lára. Ohun tí ojú bá ti mọ́ lára, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bani mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú. Gbogbo ayé fẹ́ lọ̀ kí ó tó rọ̀. Ìlà ti kọjá títì. Aránṣọ dé pẹ̀lú bàsíà àgbàdo lórí, ó dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń wo ojú ọ̀run. Oníbàárà kan ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ìwọ! Kí lo ń dúró síbẹ̀ ṣe? Gba ẹ̀yìn wọlé!"

"Àǹtí mi, àwọn tó wà níwájú ńkọ́?"

"Ta ló ni kọ́kọ́rọ́? Mo ní kó o gba ẹ̀yìn."

Àwọn obìnrin pòṣé. Ojú ti Aránṣọ, ṣùgbọ́n ó lọ. Ẹni tó pọn ọ́ dàgbà ló ní kó o wá, o ha máa bá a jiyàn lójú ayé bí?

Ẹ̀yìn náà, àárín ògiri àti bẹ́líìtì ni. Ẹ̀wù ọlọ́wọ́ fífẹ̀ ló wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀. Ó na ọwọ́ kó má baà ṣubú.

Ìró ẹ́ńjìnnì yí padà. Ohun tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe.

Bàbá Gíríìsì pa iná ẹ́ńjìnnì. Ó ti pẹ́ jù.

Ní ọsibítù, dókítà ní àwọn kò lè gba ọwọ́ náà là. Wọ́n gé e láti ìgúnpá. Ọwọ́ ọ̀tún ni, èyí tó fi ń di àlùmọ́gàjí mú.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń lé eṣinṣin fún un. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sọ pé irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," Aránṣọ máa ń sọ. "Èmi tí mo ń ránṣọ, mo wá wọ ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gbàgẹ̀rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Àǹtí mi, láìsí yín, kí ni ǹ bá ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kàn nu ẹnu rẹ̀, á ní, "Jẹun." Ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbogbo ṣíbí oúnjẹ tó fún un ló jẹ́ àyè láti sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́.

Alábòójútó pàápàá wá kí wọn. Ó fa Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Bí wọ́n bá bi yín, àìkíyèsára rẹ̀ ló fà á. Ẹ gbọ́ mi?" Ó gbọ́ ọ, ó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì.

Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní rédíò kékeré kan tó máa ń gbé sójú fèrèsé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, ètò àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olóòtú ń sọ pé iléeṣẹ́ kan lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará oko bóyá àwọn ẹ̀rọ àpapọ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó ní kí àwọn olùgbọ́ fetí sí ìyá kan.

"Ó tẹ́ wa lọ́rùn, ó tẹ́ wa nínú, ó tẹ́ wa lẹ́yìn..."

Aránṣọ gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi! Ohùn yín nìyẹn! Ẹ̀yin ará wa, àǹtí mi ló wà nínú rédíò!"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dìde, ó fẹ́ lọ pa rédíò náà. "Ariwo yìí pọ̀ jù fún aláìsàn."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́," obìnrin tó ni rédíò wí, ó sì gbé e súnmọ́ wọn.

"Kò lábùkù kankan... Ọmọ jòjòló lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó jí ire... Gbogbo wa pé, mà. Kò sẹ́ni tó kù."

Ẹ̀rín kúrò lójú Aránṣọ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń fà kúrò lórí iyanrìn.

"Kò sẹ́ni tó kù," ó tún un sọ. "Àǹtí mi, èmi ńkọ́?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́.

"Ọjọ́ yẹn ni mo lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa." Aránṣọ wò ó. "Kò sẹ́ni tó jíṣẹ́ fún yín."

"Àbúrò mi, jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ..."

"Ẹ mọ̀ pé màá sọ̀rọ̀, lẹ ṣe rán mi lọ."

Olóko kan tó wá kí ìyàwó rẹ̀ bèèrè pé, "Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n ń wí yìí náà ló gé e lọ́wọ́?" Gbogbo ojú inú yàrá náà ti dá a lóhùn.

Aránṣọ kò pariwo. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi. Àwọn ni mo fẹ́ kó máa tọ́jú mi." Ó wá yíjú sí ògiri.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jáde. Ìtìjú ló gbé e dé olú iléeṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ó rí obìnrin olójú tútù yẹn, ó kúnlẹ̀, ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ látòkèdélẹ̀: ìbòrí, àpò, Alábòójútó, iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó jẹ́. Ó rò pé òótọ́ á tún nǹkan ṣe.

Iléeṣẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ. Wọ́n ní àwọn á tún un ṣe, àwọn á dá a padà. Wọn kò dá a padà. Alábòójútó ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ sí agbègbè mìíràn, alùpùpù tuntun ló gùn lọ.

Odó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá àgbàlagbà tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ pé kò gbọ́ràn ló sọ ọ̀rọ̀ sí i nídìí kànga, lójú gbogbo obìnrin.

"Nígbà tó yẹ ká sọ̀rọ̀, ẹ pa wá lẹ́nu mọ́. Ìbòrí lásán là bá tọrọ, wọn ì bá fún wa. Ìgbà tí ọwọ́ ti gé tán, lẹ wá lanu yín gbàgà. Ẹ gba ọwọ́ lọ́wọ́ àbúrò yín, ẹ tún gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa. Ó kù, kí lẹ fẹ́ gbà?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ pọn omi rẹ̀, ó lọ.

Ó tó bí oṣù díẹ̀ kí ó tó lè dé ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ. Ó bá a tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì gé aṣọ. Kùkùté apá ọ̀tún ló fi tẹ aṣọ mọ́ tábìlì. Ìlà tó ń gé wọ́, ó rí pálapàla, ó sì ń gé e lọ.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. "Dárí jì mí. Nítorí ìyá tó bí wa."

"Ẹ dìde, Àǹtí mi. Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí." Kò gbé ojú sókè. "Ẹ̀rọ yẹn, mo ti dárí jì í. Irin ni. Kò mọ̀ mí rí, kò pọ̀n mí rí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí."

Aṣọ náà yọ̀ lábẹ́ kùkùté, etí rẹ̀ kan ṣẹ́ po. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dìde, ó sáré na ọwọ́, ó bá a di etí aṣọ náà mú kó lè dúró.

Aránṣọ dá àlùmọ́gàjí dúró. Kò ní kó mú ọwọ́ kúrò, kò bínú. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà, ó ń dúró.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ọwọ́ kúrò, ó tún tẹ aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó sì ń gé e lọ.